Àgbálùmọ̀ Ajíbóyè Tó Já Ṣáájú Ọyẹ́

Ẹ sún mọ́bí. Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á táwọn àgbà fi máa ń sọ pé, "Àgbálùmọ̀ tó já ṣáájú ọyẹ́, kòkòrò ló rán an níṣẹ́"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kàwé yanjú gan-an ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nílé ìwé ní kíláàsì kejì ni mo mọ̀ ọ́n, torí ẹsẹ̀ yìí ti rìn láti Ṣakí dé etí òkun, mo sì ti sùn ní Arógun, níbi tọ́rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Ní Arógun, wọn kì í ká àgbálùmọ̀. Èyí tí wọ́n bá ká, kíkan ló máa kan. Wọ́n á dúró dè é títí tó fi máa já fúnra ẹ̀. Ilé tí tiẹ̀ bá kọ́kọ́ já lọ́dún, olórí ilé náà ló máa gbé apẹ̀rẹ̀ àkọ́so lọ síwájú Baálẹ̀, òun ni wọ́n á sì fi ṣe Aṣáájú títí ọdún á fi yípo. Tí wọ́n bá ṣèpàdé, tí Aṣáájú ò bá tíì sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lanu, àfi tó bá fẹ́ yán.

Ọdún méje gbáko ni ìyá àgbà kan, Ẹ̀gbẹ́yẹmí, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Dúró, fi ṣe Aṣáájú. Ọdún méje yẹn náà ni Ajíbóyè, aládùúgbò ẹ̀, fi jókòó panu mọ́, tọ́rọ̀ kún inú ẹ̀ bí ẹni jẹ ẹ̀wà àjẹjù. Lọ́dún kẹjọ, ó dìde láàárín ìlú.

Ó ní, "Tí igi tèmi ò bá kọ́kọ́ já lọ́dún yìí, èmi fúnra mi ni màá gbé àáké tì í."

Igi tí bàbá ẹ̀ gbìn ló ń sọ o. Àjọkẹ́ ìyàwó ẹ̀ káwọ́ lérí.

Iṣẹ́ tí Ajíbóyè kọ́kọ́ ṣe ni pé ó dáná sun àwọn èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé sórí igi náà. Wọ́n ti gé e jẹ níbì kan tí kò ṣeé fi han Baálẹ̀. Ìyá Dúró rí èéfín, ó yọjú lórí ọgbà.

"Ajíbóyè, ọlọ́dẹ igi lò ń sun yẹn. Àwọn ló ń lé eṣinṣin tó ń yé ẹyin sínú èso."

"Ìyá Dúró, ọlọ́dẹ wo ló ń gé onílé jẹ nídìí?"

"Ó dáa. Ṣáà kó àwọn èso èṣí tó jẹrà sílẹ̀ yẹn. Dì wọ́n sápò, sọ ọ́ sóòrùn kí ohun inú ẹ̀ kú. Tí ìdin bá wọlẹ̀, ìyẹ́ ló máa fi jáde."

"Ẹ máa tọ́jú èso jíjẹrà tiyín bí ẹni tọ́jú àna. Igi tèmi ń fi tiẹ̀ ṣe oúnjẹ."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọyẹ́ ò tíì fẹ́, ètè ẹnikẹ́ni ò tíì là, àgbálùmọ̀ Ajíbóyè já. Pò! Kó tó yíjú, òmíràn já. Nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ fi máa délẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ti kún. Ajíbóyè ti wọ agbádá.

Àjọkẹ́ gbé ọ̀kan wò. "Baálé mi, ihò wà lára eléyìí."

"Ìdodo ẹ̀ ni."

"Mẹ́ta ni ìdodo ẹ̀?"

"Ó dàgbà ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ni."

"Ó ń mì lọ́wọ́ mi."

"Inú ẹ̀ ń dùn ni. Gbé apẹ̀rẹ̀ rù mí, obìnrin yìí."

Ó rù ú, ó sì ki díẹ̀ sápò agbádá fáwọn tó bá máa kí i lọ́nà. Gbogbo ìlú ti pé síwájú Baálẹ̀. Àṣà wọn ni pé Baálẹ̀ á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Baálẹ̀ bu ọ̀kan jẹ, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dúró.

"Ajíbóyè, o fi ẹran sí i ni?"

Wọ́n wo ìdajì tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdin funfun báláú ń nà nínú ẹ̀ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ẹlòmíì á ti dọ̀bálẹ̀. Ajíbóyè kọ̀. Ó jókòó ti apẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó mú èkejì, ó ń wo Ìyá Dúró lójú bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ di márùn-ún, ìdin ń gun irùngbọ̀n ẹ̀ bọ̀.

Ó ní, "Adùn nìyí. Ẹnu yín ni ò mọ̀ ọ́n."

Àwọn adìẹ Baálẹ̀ mọ̀ ọ́n ní tiwọn. Àkùkọ ńlá kan ló ṣíwájú, ó fò lé e nítan, ó ń ṣa ìdin jẹ nínú irùngbọ̀n ẹ̀. Àgbébọ̀ méjì wọnú àpò agbádá. Nígbà tó fi máa dìde, adìẹ tó tó ogún ti yí i ká. Ajíbóyè sá. Adìẹ tẹ̀ lé e, ìlú tẹ̀ lé adìẹ. Kò dúró àfi lórí igi bàbá ẹ̀. Àwọn adìẹ bá ìdí igi tó kún fún èso jíjẹrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, wọ́n ń ṣa ìdin jẹ.

Baálẹ̀ dé tòun ti àáké. "Sọ̀ kalẹ̀. O ti búra pé wàá gé igi yìí."

"Mi ò sọ̀. Kí ni mo sọ? Mo ní tí kò bá kọ́kọ́ já. Ṣé kò kọ́kọ́ já ni?"

Ó kọ́kọ́ já lóòótọ́.

Ìyá Dúró ló sọ̀rọ̀. "Ó já. Àmọ́ kòkòrò ló rán an níṣẹ́."

"Ẹni yòówù kó rán an," Ajíbóyè dáhùn láti òkè, "ó jíṣẹ́."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí àáké fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní òfin lòfin ń jẹ́, igi ò ní wó, Ajíbóyè ni Aṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Aṣáájú máa fi ṣí gbogbo ìpàdé ọdún náà, òun Baálẹ̀ ló máa yàn án.

Ìyá Dúró fi igi gígùn gbé ẹ̀ka kan sókè sí i, ilé èèrà pupa wà lórí ẹ̀. "Gba ọlọ́dẹ ẹ." Ajíbóyè gbà á. Wọ́n gé e jẹ níbi tọ́jọ́sí. Kò ké.

Ìpàdé dé. Ajíbóyè tún agbádá ṣe, ó gbé àyà sókè bí ẹni pé òun ló ronú kàn án, ó wò wọ́n yíká, ó ní:

"Àgbálùmọ̀ tó já ṣáájú ọyẹ́, kòkòrò ló rán an níṣẹ́."