Ìwọ̀fà Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ọdún kejì tí ìjọba sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé Ògúndípẹ̀ ọdẹ, ní Ìwó. Ògúndípẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń já eégbọn lára ajá rẹ̀ tí ń jẹ́ Ìfura, nígbà tí Hàbíbátù, ìyá Àlùfáà Mùrí, gba ẹ̀gbẹ́ ògiri tó pààlà ilé méjèèjì wọlé, ó di nǹkan mọ́ ṣẹ́tí ìró rẹ̀.

Ọkàn Hàbíbátù kò balẹ̀. Láti àná ni ó ti gbọ́ pé ẹlẹ́mu kan láti Ilé-Ogbó ń bọ̀ wá ra ajá náà, yóò sì fà á lọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Bẹ́ẹ̀ òun náà ni ó dúró ní gbangba àdúgbò ní ọjọ́sí, tí ó ní ajá kankan kò gbọdọ̀ tẹ ìloro òun, nítorí ilé kéú ni. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu àgbà. Kò ṣe é ká padà bí aṣọ tí a sá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ti ń lọ sí ilé-ìwé, tí kò sí ẹni tí yóò bá a lé àwòdì mọ́, tí ewúrẹ́ sì sọ àgbàdo tó bá sá di oúnjẹ àárọ̀, Ìfura ni ó ń wá jókòó síta ìloro náà lójoojúmọ́, nígbà tí ọdẹ tó ti ìgbẹ́ dé bá ń sùn. Ó ń lé àwòdì, ó ń lé ewúrẹ́, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá àgbà bá ń sọ láìjá a lẹ́nu. Àwọn ọmọ tó bí kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Hàbíbátù fẹ́ ajá náà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbà á lọ́nà tí yóò fi dà bí ẹni pé ìyà ni wọ́n fi jẹ òun.

Ògúndípẹ̀ dọ̀bálẹ̀ ìlàjì, nítorí eégbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí i kú àárọ̀, ó béèrè àlàáfíà Àlùfáà, ó béèrè ti orúnkún tó ń dùn ún. Hàbíbátù dáhùn gbogbo rẹ̀ létòlétò, nítorí ẹ̀sùn kì í bàjẹ́ bó bá dúró de ìkíni. Lẹ́yìn náà ni ó tú ṣẹ́tí ìró, ó da ìyẹ́ adìyẹ sílẹ̀.

"Ògúndípẹ̀, ohun tó kù nínú adìyẹ mi nìyí. Ajá rẹ ti jẹ ìyókù."

"Adìyẹ yín wo, ìyá?"

"Òpìpì."

Adìyẹ náà ti sọnù lóòótọ́. Ìwọ̀nba òótọ́ tó wà nínú ẹ̀sùn náà nìyẹn. Ara àkùkọ ni ó ti ṣa ìyẹ́. Ògúndípẹ̀ mú ẹyọ kan, ó gbé e sójú oòrùn, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní òun kò mọ̀ pé òpìpì lè ní ìyẹ́ tó pọ̀ tó báyìí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ìhòòhò ni adìyẹ náà ń rìn.

"Ó ń tọ́jú wọn ni," ni Hàbíbátù wí. "Àwa obìnrin kì í wọ gbogbo ohun tí a ní."

Ìfura ti dìde, ó ń ju ìrù, ó lọ fi imú kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Hàbíbátù fa ìró sókè, ó sún sẹ́yìn bí ẹni tó rí iná, ó ní kí ọdẹ bá òun pe ẹran rẹ̀ padà. Ajá bá a sún. Ó tún sún. Ajá tún bá a sún, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Ó jọ pé ó mọ̀ yín, ìyá."

"Olè a máa mọ ilé tó ti jalè."

Ohun kan wà tí gbogbo Ìwó mọ̀ nípa Ògúndípẹ̀: bú u, yóò rẹ́rìn-ín, bú ajá rẹ̀, o ti dá ìjà sílẹ̀. Ó ti àpótí sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ajá tí a kàn ń sìn ni òun ní, ajá tí a kọ́ ni. Ó ní láti ọmọ ọwọ́ ni òun ti ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí òun ń di í lọ́rùn mú, títí ó fi yé e pé ohun tí olówó ẹni kò bá ní kí á jẹ, májèlé ni. Ó ní ajá ẹlòmíràn, bó bá pa ọ̀yà nígbó, kí ọdẹ tó dé ibẹ̀ ó ti jẹ itan kan. Ti òun a máa dúró tì í, a máa lé eṣinṣin lára rẹ̀.

"Ó ń lé eṣinṣin," ni Hàbíbátù tún sọ.

"Ìrù rẹ̀ ló fi ń lé e."

Ó wọ ilé ìdáná, ó mú ẹran ọ̀yà gbígbẹ kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ajá.

"Ẹ máa wò ó, ìyá. Kò ní fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀. Ẹnu ló fi jẹ adìyẹ mi."

Ìfura jókòó. Ó wo ẹran. Itọ́ ń kán sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mira. Hàbíbátù rí i pé ẹ̀sùn òun ti fẹ́ wó. Bí Ògúndípẹ̀ bá mọ ibi tí a ti ń dúró, ì bá gbé ẹran rẹ̀, ẹjọ́ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣeféfé kì í jáwọ́ nínú ohun tó dùn. Ó nà ró, ó ta ìka.

"Ó yá, jẹ ẹ́."

Ìfura kò jẹ ẹ́.

Ọdẹ tún un sọ. Ó súfèé. Ó fi ẹran kan ajá nímú. Ajá gbójú sókè, ó wo Hàbíbátù. Hàbíbátù gbójú sókè pẹ̀lú, ó wo igi ìbẹ́pẹ.

Ó mọ ohun tó fà á. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé ẹ̀kọ àti egungun ẹja fún ajá náà nínú àpáàdì, ajá ti ki ẹnu bọ̀ ọ́ kí ó tó fi í sílẹ̀ tán. Hàbíbátù gbá àpáàdì náà mú, ó sọ fún un pé ní ilé tiwọn, a kì í jẹun bí ẹranko. Láti ọjọ́ náà, kò sí òkèlè tí Ìfura ń gbé mì àfi bí a bá kọ́kọ́ sọ Bísímílà sí i. Ẹ̀kọ́ ọdẹ ni ó gba ẹ̀kọ́ àlùfáà láyè: ajá tó ti mọ ìdúró kàn ń dúró de ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

"Ó ti yó," ni Hàbíbátù wí. "Ẹni tó gbé odindi adìyẹ mì, ẹran gbígbẹ kò lè wù ú."

Ògúndípẹ̀ wo ajá, ó wo ìyẹ́. Ó ní òun yóò san adìyẹ mìíràn. Hàbíbátù ní òun kò gba adìyẹ. Òpìpì ni òun pàdánù, òpìpì ni òun fẹ́, ǹjẹ́ ó ní? Kò ní. Hàbíbátù ní ó dáa, títí yóò fi rí òpìpì, kí ajá náà wá máa ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ òun.

"Ìyá, ìjọba ti fòfin de ìwọ̀fà tipẹ́."

"Ti ènìyàn. Bí wọ́n bá dárúkọ ajá níbẹ̀, kí o wá pè mí."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá kò gbọdọ̀ tẹ ìloro yín ńkọ́?"

"Ìwọ̀fà kì í sùn nílé olówó. Láàárọ̀ ni yóò wá, ìta ìloro ni yóò jókòó, ní ìrọ̀lẹ́ a padà sílé baba rẹ̀. Ṣé o kò gbọ́ bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é ni?"

Ọdẹ béèrè ìgbà tí gbèsè náà yóò tán. Hàbíbátù ní iṣẹ́ ìwọ̀fà, èlé lásán ni. Kì í dín gbèsè kù. Ọdẹ ní ará Ilé-Ogbó ti wà lọ́nà, ìdí ẹmu ni òun ti yin ajá náà fún un títí ẹnu òun fi tà á, ọ̀rọ̀ ọkùnrin sì ti jáde. Ó na àpótí sí i.

"Ẹ jókòó ná, ìyá. A kì í dúró dá ẹjọ́ ìwọ̀fà."

Orúnkún Hàbíbátù ti ń ké láti ìgbà tó ti dé. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó rọra jókòó, ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu láti kékeré sì bọ́.

"Bísímílà."

Ẹran ọ̀yà pòórá.

Ìfura ń lá ètè. Ògúndípẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó mú ẹran mìíràn wá, ó gbé e síbi tí ti àkọ́kọ́ wà.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde."

Hàbíbátù pa ẹnu dé, ó dìde. Ajá ń wò ó.

"Ẹ tún jókòó."

Ó jókòó, ẹnu rẹ̀ le bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Ajá ń wò ó. Ọdẹ ní kí ó fi orí jì òun, kí ó dìde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tó ti ń gbé ara nílẹ̀ ni orúnkún ti ta á, tí ẹnu fi já.

"Bísímí—"

Ajá kò dúró de ìyókù.

"Ìyá Mùrí," ni Ògúndípẹ̀ wí ní pẹ̀lẹ́tù, "ta ló ń kọ́ ajá mi ní kéú?"

"Ẹ̀gbẹ́ ilé kéú ló ń gbé. Etí sì wà lórí rẹ̀."

"Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí kì í jẹun lọ́wọ́ mi. Mo ti rò pé àìsàn ni. Mo ti se àgbo fún un, mo sì rò pé ó ti sàn."

"Kò fẹ́ràn ohun tó bá korò," ni Hàbíbátù wí, kí ó tó rántí pé òun kò mọ ajá náà rí.

Ògúndípẹ̀ dorí kodò. Èjìká rẹ̀ ń mì. Hàbíbátù rò pé ìbínú ni, ó sì ti ń wá ohun tí yóò sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdẹ gbójú sókè, ojú ẹni tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ni ó gbé sókè. Ó ní ẹlẹ́mu Ilé-Ogbó yẹn, láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, Bísímílà kò tíì gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ajá yóò jókòó ti oúnjẹ títí ebi yóò fi pa á. Ta ni yóò ta irú ajá bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, tí Ọlọ́run kò ní bi í léèrè?

"Yàtọ̀ sí i," ni Hàbíbátù wí, "a kì í ta ìwọ̀fà."

"A kì í tà á," ni Ògúndípẹ̀ dáhùn. Èsì náà yá jù. Hàbíbátù wò ó. Ó wá wo òkè, níbi tí okùn tó yẹ kí wọ́n fi so ajá fún ẹni tó fẹ́ rà á gbé wà lábẹ́ òrùlé. Aláǹtakùn ti ta sí i, kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kàn án.

Ọdẹ ní kí àwọn jọ tún ẹjọ́ náà rò, kí òun lè mọ̀ ọ́n rò fún àlejò. Ajá òun jẹ adìyẹ? Ó jẹ ẹ́. Òpìpì? Òpìpì. Kò ku eegun? Ìyẹ́ nìkan.

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí ewé kókò tó wà ní ìdí ògiri fi mì, tí òpìpì jáde, tòun ti ìhòòhò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó pa láti ara ẹyin tó ti ń sàba lé lórí níkọ̀kọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá a. Ìfura dìde. Ó yí wọn po jẹ́jẹ́, ó sì dà wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sí ilé Àlùfáà, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́.

Hàbíbátù padà sí wíwo igi ìbẹ́pẹ. Ọdẹ fi ojú sin adìyẹ náà títí èyí tó kéyìn nínú àwọn ọmọ fi wọlé.

"Ìyá, òpìpì tó ń lọ yẹn jọ èyí tí ajá mi jẹ."

"Ó jọ ọ́ díẹ̀," ni Hàbíbátù wí.

Ògúndípẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìyẹ́ ilẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sápò, ó sì rọra fọwọ́ tẹ àpò náà.

"Jíjọ lásán ni. Òkú èyí tí ajá mi jẹ ló wà lápò mi yìí."