Àwòrán Apá Ayálégbé Tuntun

Wọ́n ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi ní Kábà pé olùkọ́ tuntun kan ń wá yàrá kiri, pé àwòrán pupa kan tó fín sápá a sì máa pọ́n sí i bí ẹnìkan bá fẹ́ kú ládùúgbò. Màmá Virtue, onílé kan ládùúgbò náà, gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ìdajì tó kù, ó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí olùkọ́ náà, Ọmọ́níyì, kan ilẹ̀kùn rẹ̀, apá ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú.

"Okun, mà," ni Ọmọ́níyì kí i.

"Okun. Dúró síbẹ̀ ná. Ó mà pọ́n o!"

"Kí ló pọ́n, mà?"

"Apá rẹ. Ta ló fẹ́ kú?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ kú, mà. Yàrá ni mò ń wá. Onílé mẹ́ta ti lé mi nítorí apá yìí. Orí bẹ́ńṣì ilé-ìwé ni mò ń sùn."

Màmá Virtue gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sún mọ́ ọn. Ìlà pupa, ìlà dúdú, ìlà pupa.

"Jésù! Aṣọ ìpò! Aṣọ tí àwọn ará Bùnù fi ń sin ìjòyè lo wọ̀ sápá láàyè? Ta lò ń sin?"

"Ìyá mi àgbà ní Ayéwà ló ń hun ún, mà. Èyí tí wọ́n hun kẹ́yìn ti bá olóyè kan wọlẹ̀, ọwọ́ wọn ò sì gbé òwú mọ́. Mo wá ní kí wọ́n fín irú rẹ̀ sí mi lápá, kí ilẹ̀ má baà jẹ ẹ́ tán."

"Kí wá ni ìyá àgbà sọ?"

"Wọ́n ní ìlà kẹta wọ́, pé ẹni tó ṣe é ò mọṣẹ́."

Ẹ̀rín gbọ̀nà ọ̀fun Màmá Virtue, ó gbé e mì.

"Ìtàn rẹ dùn. Àmọ́ Lẹ́fítíkù ní a ò gbọdọ̀ fín nǹkankan sára, Lẹ́fítíkù ló sì ni ilé yìí. Kò sí yàrá. Gba omi mu, kí o máa lọ."

Ó na ife sí i. Apá ẹ̀wù rẹ̀ gígùn fà sókè, orúkọ kan tí wọ́n fín sí i lápá sì yọ. Ọmọ́níyì ò gba ife.

"Màmá, ta ni Thomas?"

Ó fa apá ẹ̀wù wálẹ̀ wàrà, omi dà sílẹ̀.

"Thomas wo? Àpọ́sítélì ni! Èyí tó ṣiyèméjì."

"Àwòrán ọkàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Inú ọkàn náà ló ti ń ṣiyèméjì."

"1982 tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?"

"Ọdún tó gbàgbọ́ nìyẹn!"

"Bàbá Virtue ńkọ́? Ṣé Thomas làwọn náà ń jẹ́ ni?"

"Gbádéyan ló ń jẹ́! Ogójì ọdún ni mo ti fi sọ fún un pé àpọ́sítélì ni, ó sì gbà. Ìwọ má wá ba ilé mi jẹ́ o."

"Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn wọ́. Ìyá mi àgbà ì bá ní ẹni tó fín in ò mọṣẹ́."

"Ta ni ò mọṣẹ́? Thomas mọṣẹ́ dáadáa! Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló so pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló…"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Àpọ́sítélì fúnra rẹ̀, mà?"

Màmá Virtue já ìborùn rẹ̀ gbà lórí àga, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

"Màmá! Ilé yín mà nìyí! Lẹ́fítíkù tí à ń sọ ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ dún láti ẹ̀yìnkùlé:

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ ni mò ń lọ mú! Bí Bàbá Virtue bá wọlé, sọ fún un pé Bíbélì là ń kà!"