Ọṣẹ Tó Ní Àwòrán Kábíyèsí

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Àgọ́-Ìrókò, onílé gbọ́, àlejò gbọ́. Kábíyèsí ló rán Akéde Bámgbóyè. Ọ̀rọ̀ yìí kò ti ẹnu akéde wá. Ẹnu ti dá wàhálà sílẹ̀ tó nílé akéde.

Ẹ rántí ìkéde oṣù tó kọjá. Ojú ara ń yún àwọn obìnrin ìlú, ó ń ta wọ́n, ìjókòó di ogun. Àwọn ìjòyè jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Wọn ò bi obìnrin kankan léèrè, ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní àgbèrè ló fà á, kí ẹni tí ojú ara bá ń yún padà sílé bàbá rẹ̀. Akéde lu agogo, ó ké e. Ó délé, ó bá Jọláadé ìyàwó rẹ̀ tó ń di ẹrù, torí ojú ara ń yún òun náà. Kò bá akéde jà. Ó kàn lọ.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn olorì náà di ẹrù. Gbogbo wọn pátá! Kò sẹ́ni tó máa gbé oúnjẹ síwájú ọba. Ìgbà náà ni ààfin tó ránṣẹ́ pe Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yíṣọlá. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń wẹ̀. Ọṣẹ olóòórùn dídùn ni, èyí tí Kábíyèsí pín kárí ilé lọ́jọ́ àjọ̀dún rẹ̀, tí àwòrán ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ọba kì í jẹ̀bi. Ọṣẹ ọba náà kì í jẹ̀bi. Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ tuntun o!

Èkíní: Ọṣẹ yìí kò gbọdọ̀ kọjá ìdodo sísàlẹ̀ mọ́. Àrífín gbáà ni láti gbé ojú Kábíyèsí débẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ fi ṣan ibẹ̀. Omi lásán! Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọṣẹ.

Èkejì: Lọ́fínńdà àti páúdà kò gbọdọ̀ débẹ̀. A ò pè wọ́n. Pátá tó bá rin, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ sá a.

Ẹ̀kẹta: Bí yíyún náà kò bá lọ, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní ohun tó ń fà á pọ̀, àyẹ̀wò ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí oníkálukú dárúkọ ibi tó ń dùn ún. Ẹni tó bá ní orúnkún ni, orúnkún la ó tọ́jú.

Ẹ̀kẹrin: Ìjòyè tó bá tún tìtorí yíyún pe obìnrin ní alágbèrè, gbogbo ọṣẹ tó kù láàfin ni yóò fi wẹ̀, láti ìdodo lọ sísàlẹ̀, títí ọṣẹ yóò fi tán.

Ẹ̀karùn-ún: Èyí kò ti ààfin wá. Jọláadé ló pa á láṣẹ. Omi lásán ti wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó ní agogo tó lé òun jáde ni yóò wá mú òun padà. Akéde ti dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá Jọláadé báyìí, gbogbo àdúgbò ń wò ó. Jọláadé kò ṣe àgbèrè! Jọláadé kò ṣe àgbèrè o! Ọṣẹ ni!

Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó lọ oko. Ìkéde parí. Akéde kò tíì lọ o, ó ń dúró kí ilẹ̀kùn ṣí.