Bí Mo Ṣe Lọ Bú Fíìmù ní Ẹ̀pẹ́

Ọ̀sán Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bó ti wù kí n dàgbà tó. Bí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀ tí mo sì rántí rẹ̀, ojú á tún tì mí lákọ̀tun, níwájú dígí, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wò mí.

Tíṣà lítíréṣọ̀ ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Ìgbògbò, ilé mi sì wà nítòsí ibùdókọ̀ Agric. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, ọ̀kan wà tí mo sọ di tèmi: ìwé ìfẹ́ àtijọ́ kan tí òyìnbó kọ, tí ẹ̀rù àti òkùnkùn kún inú rẹ̀. Ọmọbìnrin aláìní kan lọ ń ránṣọ fún ìyá arúgbó kan nínú ilé ńlá kan létí òkun. Ìyá yìí kò lè dìde lórí ibùsùn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kì í rẹ́rìn-ín rárá. Òun gan-an ni aránṣọ náà lọ fẹ́ràn. Yàrá kan sì wà lókè tí wọ́n máa ń tì pa, tí orin máa ń ti inú rẹ̀ jáde nírọ̀lẹ́. Ìwé náà kò sí lára èyí tí wọ́n fi ń ṣèdánwò àṣekágbá, àmọ́ ọdọọdún ni mo máa ń fi kọ́ kíláàsì mi. Bí mo bá ka ibi tí orin ti ń dún, ẹ ó rò pé èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn.

Ìyàwó mi ló wá sọ fún mi pé àwọn kan ti sọ ìwé náà di fíìmù Yorùbá, pé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti yà á, gbọ̀ngàn kan níbẹ̀ ni wọ́n sì ti máa kọ́kọ́ fi hàn. Mo pòṣé.

"Àwọn wo? Àwọn tí kì í ka ìwé ìròyìn kọjá ojú ewé àkọ́kọ́?"

"Bàbá Dúpẹ́, ṣé ẹ ti wò ó ni?"

"Mi ò tíì wò ó. Mo fẹ́ lọ wò ó kí n lè rí i bú dáadáa ni."

Mo wọ kóòtù, mo so táì mọ́ ọn nínú oòrùn yẹn, mo sì ra ìwé kékeré kan tí màá máa kọ àṣìṣe wọn sí. A dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó iwájú pátápátá ni mo lọ fìdí lé. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ ṣòkòtò jíǹsì sáré wá, ó kúnlẹ̀ kí mi, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà! Inú mi dùn gan-an pé ẹ wá." Mo rò pé ọ̀kan lára àwọn tó ń júwe ìjókòó ni. Mo ní kó lọ bá mi wá omi tútù, kó sì rí i pé ó tutù dáadáa. Ó lọ, ó sì gbé e wá. Mi ò tilẹ̀ dúpẹ́.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Èéfín tí wọ́n pè ní kùrukùru pọ̀ débi tí mo fi rò pé wọ́n ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní ayé àtùpà la wà, síbẹ̀ àwo sátẹ́láìtì jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí òrùlé ilé kejì. Wíìgì tí aránṣọ náà dé gùn dé ìdí. Òtòṣì tó lówó irú wíìgì bẹ́ẹ̀, kí ló tún ń wá lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ? Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín fi awò dúdú bojú nínú yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń kọ sílẹ̀, èyí tí mi ò sì kọ, mò ń sọ ọ́ jáde.

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn fọwọ́ kan èjìká mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́."

"Kí lẹ fẹ́ gbọ́? Ààrá kan náà yẹn ni wọ́n ti sán lẹ́ẹ̀mẹrin!"

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó sán."

Ìyàwó mi rọra sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

A wá dé ìparí. Aránṣọ náà ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Ta ló wà nínú yàrá? Ìyá arúgbó yẹn ni, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì, ó gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti kú tipẹ́ mọ́ àyà, ó ń fi orin rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe hàà. Èmi fò dìde.

"Irọ́ ni! Irọ́ gbuu ni!"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín níbí. Lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ìwé ògbólógbòó sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Benson ni mo ti ra ìwé yẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, àwọn ojú ewé tó kẹ́yìn sì ti já dànù. Ibi tó dúró sí lọ́wọ́ mi ni ibi tí ọmọbìnrin náà ti ṣí ilẹ̀kùn, "ó sì rí". Kí ló rí? Ó yẹ kí n wá òmíràn. Mi ò wá a. Mo jókòó sílé, mo sì fúnra mi pinnu pé iwin ìyàwó tó kú ló ń kọrin, pé ó jáde sí ọmọbìnrin náà, ìyẹn sì sá wọ inú òkun. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo sọ fún àwọn ọmọ pé "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀." Lọ́dún kejì, mo yọ "ó ṣeé ṣe" kúrò. Nígbà tó fi máa di ọdún karùn-ún, mo lè búra pé ojú mi báyìí ni mo fi kà á. Fọ́tókópì ìwé tèmi yẹn sì ni gbogbo ọmọ ń lò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba máíkì nígbà tí wọ́n ní ká béèrè ìbéèrè. Mo ní ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yìí. Mo ní iwin ló ń kọrin. Mo ní aláìmọ̀kan ni ẹni tó yí i padà, kí olùdarí fíìmù náà dìde kí n rí ojú rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin tó gbé omi fún mi ló dìde.

"Èmi ni sà. Ẹ ò dá mi mọ̀. Kíláàsì yín ní Ìgbògbò ni mo ti jáde. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé yìí."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo tún táì mi ṣe. Ó sún mọ́ mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa dójú tì mí, àmọ́ máíkì ọwọ́ mi ò tíì kú.

"Bó ṣe parí nínú ìwé nìyẹn, sà. Mo rí odindi rẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n màmá mi nígbà yẹn. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìdánwò yín. Ẹ fi bírò pupa fa igi lé e, ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, 'Má máa dá ìtàn sílẹ̀.'"

Ẹ̀rín tó bú nínú gbọ̀ngàn yẹn, ààrá inú fíìmù ò tó o. Obìnrin ẹ̀yìn mi ń fi ọwọ́ lu itan. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀; ó mú ìwé náà jáde nínú báàgì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó sì rí ìyá arúgbó náà." Mi ò rí ibi tí màá wọ̀ sí.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìtòíkìn. Níbẹ̀ ló ti nu ojú. Mo bi í bóyá fíìmù náà tiẹ̀ dáa.

"Ó dáa gan-an. Mo sunkún."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ẹ̀ ń pariwo."

Lọ́jọ́ Ajé, mo dúró níwájú kíláàsì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ wá nawọ́.

"Sà, nínú ìdánwò tó kọjá, ẹ fún mi ní òdo lórí ìbéèrè kẹrin."

"Kí lo kọ?"

"Mo kọ pé mi ò mọ bó ṣe parí, torí pé ìwé ọwọ́ wa ò parí."

Mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá, mo sì fún un ní gbogbo máàkì. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀, mo ti ń sọ ọ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ yẹn á máa wo ẹnu mi, títí á fi já bọ́. Gbogbo wa á sì jọ bú sẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì máa ń kẹ́yìn wọn dákẹ́.