Bí Dalton Ṣe Sọ̀ Kalẹ̀ Láti Kíláàsì Òkè

Ẹnu ni ìṣòro Dalton Pruitt. Gbogbo ìyókù ara rẹ̀ ló dára: ó ga, ó lè sáré, òun ló sì ń ju bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ girama wọn ní Ohio, bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń dé akoto gbá. Ṣùgbọ́n tí ẹnu yẹn bá ti là báyìí, ẹ tètè wá ìjókòó!

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ìtàn Amẹ́ríkà òde òní níbẹ̀: kíláàsì gbogboogbò, kíláàsì àárín, àti kíláàsì òkè tí yunifásítì pàápàá ń ka máàkì rẹ̀ sí. Kóòṣì Brubaker tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù náà ló ń kọ́ kíláàsì gbogboogbò, ibẹ̀ ni gbogbo agbábọ́ọ̀lù sì máa ń gbà lọ. Dalton ní òun ò lọ.

"Gbogboogbò kẹ̀? Èmi?" Ó kọjú sí Wendell, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì de ipò rẹ̀. "Ẹ máa kun àwòrán níbẹ̀ o. Òkè lèmi ń lọ!"

"O kú ìrìnàjò," ni Wendell wí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mísítà Haverkamp, tíṣà kíláàsì òkè, ní kí wọ́n kó iṣẹ́ ọlidé wá. Iṣẹ́ ọlidé! Etí adágún ni Dalton ti lo ọlidé tirẹ̀. Òdo gbọnrangandan ló fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, tíṣà tún nawọ́ sí i. "Dalton, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, táwọn èèyàn ń tò gba búrẹ́dì, ta ni ààrẹ wa?"

Ó gbáyà. "Lincoln ni, sà!"

"Lincoln ti lò ju ọgọ́ta ọdún lọ nínú sàréè nígbà yẹn."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ̀mí ẹ̀ ló ń darí wọn."

Ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga.

Ọ̀rọ̀ wá di kánjúkánjú. Eré ìpadàwálé, èyí tí gbogbo ìlú máa ń tú jáde wò, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Màmá àgbà Dalton ń wa mọ́tò bọ̀ láti Kentucky, ó sì ti tẹ orúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ gàdàgbà sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì. Òfin wọn sì le: ẹni tó bá ń féèlì iṣẹ́ kankan títí di Ọjọ́rú kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ẹtì.

Dalton sáré bọ́ sí kíláàsì àárín. "Wọ́n bẹ̀ mí ni," ó sọ fún Wendell nídìí oúnjẹ ọ̀sán, "pé kí n wá là wọ́n lójú."

Níbẹ̀, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ lórí òfin àtijọ́ tó ka ọtí léèwọ̀. Ó dìde, ó wàásù dáadáa, ó wá fi kún un pé látọjọ́ náà, ará Amẹ́ríkà kankan ò tún fẹnu kan ọtí mọ́.

"Dalton," ni tíṣà obìnrin náà pè é, "kí ni dádì ẹ máa ń mu tó bá ń wo bọ́ọ̀lù?"

"Bíà ni, mà."

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì gbogboogbò. "Kóòṣì, mo wá ràn yín lọ́wọ́!"

Kóòṣì Brubaker wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Káàbọ̀. Máàkì ẹ náà ti dé."

"Máàkì wo?"

"Èyí tó o gbà lọ́hùn-ún. Ó máa ń tẹ̀ lé èèyàn bọ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Kóòṣì, ẹ bá mi tún un ṣe! Màmá àgbà mi ti wà lọ́nà!"

"Agbábọ́ọ̀lù kankan ò féèlì lọ́wọ́ mi rí," ni Kóòṣì fèsì. "Ìwọ náà ò féèlì lọ́wọ́ mi. O gbé tìẹ wá láti òkè ni."

Ní ọjọ́ Ẹtì, àárín àwọn òǹwòran ni Dalton jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá àgbà àti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wendell ń ju bọ́ọ̀lù lórí pápá, gbogbo ìlú sì ń pariwo orúkọ rẹ̀.

"O ní iṣẹ́ kíláàsì òkè ló gba gbogbo àyè ẹ," ni màmá àgbà wí. "Ọmọ tó ń gbá a dáadáa yẹn ńkọ́? Kíláàsì wo lòun wà?"

"Gbogboogbò ni, Màmá àgbà."

"Kí ló wá dé tí ìwọ náà ò kúkú lọ síbẹ̀?"

Dalton wolẹ̀. "Ibẹ̀ náà ni mo wà, Màmá àgbà."