Igbá Omi Adùnbárìn Aláró

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni? Àwọn kan á sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àyànmọ́ ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ páìpù ni.

Ní ìlú Ìdí-Òrọ́, omi ìdọ̀tí kì í ṣàdédé wọ odò Ẹlẹ́ja. Inú páìpù ló ń gbà láti ilé kọ̀ọ̀kan lọ sí Ilé Ìfọmi. Wọ́n á sẹ́ ẹ níbẹ̀, wọ́n á dá a dúró sínú adágún títí ẹ̀gbin rẹ̀ á fi rọ̀ sísàlẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á sì jẹ ìyókù. Ìgbà tó bá mọ́ tán ni wọ́n ń dá a padà sódò. Ọ̀gbẹ́ni Ládìpọ̀ ni ọ̀gá ibẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn kòkòrò rẹ̀ náà kì í sọ̀rọ̀.

Omi aró Adùnbárìn, obìnrin aláró tí odò gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá, ló wá ń pa àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Ládìpọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa jẹ́ kí omi náà kọ́kọ́ sinmi nínú kòtò lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kó tó dà á sínú páìpù. Adùnbárìn ní ta ló ráyè ìyẹn, nígbà tí àwọn oníbàárà ń dúró de aṣọ. Ó pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ǹtì dí ọ̀nà Ilé Ìfọmi pa, ó sì la páìpù tuntun sódò tààrà.

"Omi ṣáà ni," ó ní. "Á ṣàn kọjá."

Ó sì ṣàn lóòótọ́. Pẹ́pẹ́yẹ funfun Baálẹ̀ wọ odò, ó jáde láwọ̀ aró. Àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun fọ sùtánà wọn níbẹ̀, wọ́n sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ aláró bí ọmọ iléèwé. Nígbà tó yá, ẹja ń léfòó, àwọn apẹja káwọ́ gbera. Gbogbo ẹni tó bá wá fẹjọ́ sùn ni Adùnbárìn ń dá lóhùn pé á ṣàn kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ara oyè Ìyálóde ni gbogbo ọkàn obìnrin yìí wà, wọ́n sì fẹ́ fi í jẹ ẹ́. Àṣà ibẹ̀ ni pé odò ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ń joyè ni wọ́n ti ń bu omi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bù ú. Ojú aráàlú ló gbọ́dọ̀ máa wò bó ṣe ń mu ún tán. Ẹni tó bá wo inú igbá ti fura sí ìlú, oyè ti bọ́ nìyẹn.

Adùnbárìn kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí oyè kù sí dẹ̀dẹ̀, ó dáwọ́ aró dúró, ó fi àkísà dí ẹnu páìpù odò pinpin. Odò mọ́. Àlejò nìkan ni kò rántí. Lọ́jọ́ oyè, wọ́n kún ilé fọ́fọ́, gbogbo wọn wẹ̀, wọ́n fọ ìkòkò, àwọn ọmọṣẹ́ sì da aró tó kù sínú páìpù kí àyè ìjókòó lè wà. Omi ò rí ọ̀nà Ilé Ìfọmi gbà, kò rí ti odò gbà. Ó dúró sínú páìpù, ó ń wú.

Bí apọnmi ṣe bẹ̀rẹ̀ láti bu omi ni àkísà fò jáde, aró sì tú jáde tẹ̀lé e. Ó dún gbàù. Baálẹ̀ rò pé ìbọn àyẹ́sí ni, ó juwọ́.

Wọ́n gbé igbá dé. Adùnbárìn ò wo inú rẹ̀. Ó rí ohun tó wà níbẹ̀ lójú Baálẹ̀, ó sì gbóòórùn aró ara rẹ̀. Ìbànújẹ́ bá a gan-an. Ó mu ún tán pátápátá, ó sì rẹ́rìn-ín sí ìlú bí àṣà ti wí. Eyín rẹ̀ dú bí aṣọ ẹtù. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Ládìpọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú oríire, Ìyálóde. Ẹ ṣáà ní á ṣàn kọjá."

Ìyálóde nu ẹnu. "Ọ̀gbẹ́ni Ládìpọ̀, omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Ẹ bá mi wá ẹni tó lè fọ́ sìmẹ́ǹtì."