Ìdá Mẹ́ta Nínú Mẹ́rin Tí Dókítà Gbádégẹṣin Yọ Dànù

Bí ẹ bá pàdé Dókítà Gbádégẹṣin, olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì, ní Ìyànà-Ìbà, ẹ má pè é ní "Ọ̀gá" lásán o. Inú á bí i. "Baba Tíọ́rì Okùn Gbogbo Áfíríkà" ni kí ẹ pè é. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ, òun náà ló kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Iṣẹ́ tó fẹ́ fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ńkọ́? Bámikẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló ṣe é. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà fi ṣírò agbára inú ohun gbígbóná kan náà lọ́nà méjì: ti tíọ́rì géèjì onísúpásímẹ́tírì, tó ń ṣírò bí àwọn ègé kéékèèké inú ohun ṣe ń fa ara wọn, àti ti tíọ́rì okùn, tó ní okùn tín-ín-rín ni gbogbo ohun. Ìdáhùn ti okùn jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti géèjì. Iṣẹ́ yìí nìkan ló lè gba sikọ́láṣípù fún un.

Gbádégẹṣin ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ̀ Mùsítúrà tó ń táìpù ní Ìyànà-Ìbà ló gbé e lọ, ó ní kó yọ orúkọ ọmọ, kó fi tòun sí i. Ibẹ̀ ló ti rí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó pòṣé. Ṣebí wọ́n ní ọ̀nà méjèèjì bára mu? Ọmọ yìí ò mọ ìṣirò!

"Yọ ìyẹn náà dànù," ló wí.

Ọjọ́ àpérò pé, gbọ̀ngàn kún. Bámikẹ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ lára ògiri lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì, omijé lé ròrò sí i lójú. Baba Tíọ́rì ń gbọn agbádá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àdìgún, àlejò tó wá ṣàyẹ̀wò rẹ̀, nawọ́. "Dókítà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dà?"

"Àṣìṣe ni, sà. Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́."

"Àṣìṣe kẹ̀? Ọ̀nà kan ń ṣírò níbi tí ìfàmọ́ra àwọn ègé náà ò ti lágbára, èkejì níbi tó ti le koko, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn wọn ò fi dọ́gba. Kò sẹ́ni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí tí ò mọ ìdá yẹn. Kí lẹ wá rí tẹ́ ẹ fi yọ ọ́?"

Gbádégẹṣin yíjú sí Mùsítúrà. "Ẹni tó táìpù ni! Òun ló ba iṣẹ́ mi jẹ́!"

Mùsítúrà, tó jókòó ti ẹ̀rọ tó ń gbé iṣẹ́ náà sára ògiri, fò dìde. "Ẹ má purọ́ mọ́ mi o, sà! Na you talk say make I comot am! Ẹ tún ní kí n yọ orúkọ Bámikẹ́. Ojúlówó ẹ̀ rèé lórí láptọ́ọ̀pù mi."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ Bámikẹ́ yọ gàdàgbà lára ògiri, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sì wà níbi tí ọmọ náà fi í sí. Gbọ̀ngàn hó yèè.

"Bámikẹ́ dà?" ni Àdìgún bi wọ́n. "Máa bọ̀ níwájú, wá ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ."

Gbádégẹṣin ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àdìgún nàka sí àga kan láàárín àwọn ọmọ ọdún kìíní.

"Ẹ jókòó síbẹ̀, Dókítà. Ẹ mú bírò dání."